Ìjàpá tí kò gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ mọ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àgbádárìgì

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1600, èyí tí atẹ́gùn ń tù, kò ní ràdíétọ̀. Kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3, ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, ló wà lórí rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́, lọ́dún 1975. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní Àjárá, ló ni ín.

Ẹ̀sùn tí bàbá fi kan ọkọ̀ kò gùn. Bí wọ́n bá pa kọ́kọ́rọ́, kódà bí wọ́n fà á yọ sọ́wọ́, ẹ́ńjìnì kò ní kú. Á máa gbọ̀n gbù-gbù-gbù, bí ẹni tí ibà mú, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún. Lẹ́yìn náà á tapa sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, á wá dákẹ́. Òórùn bẹntiróò á sì gba inú ọgbà kan.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá tan án láàárọ̀ tí wọ́n sì pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, á kú wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti Àgbárá dé, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkòkòmàíkò ni wọ́n ti jáde, á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tí bàbá ń dá ni pé wọ́n á tẹ búrékì mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi sí jíà kẹrin, wọ́n á wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, òun náà ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n páléètì kílọ́ọ̀ṣì ló ń san owó rẹ̀, kò sì yẹ kó di àṣà.

Rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ fún. Ó pààrọ̀ súwíìsì kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí kò yí padà, ó pààrọ̀ kọ́ílì, èyí tó ń sọ iná di ńlá fún pọ́lọ́ọ̀gì. Owó méjèèjì wọlé, ọkọ̀ kò gbọ́. Kì í ṣe pé rìwáyà náà kò mọ iṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ lòun náà gbà gbọ́, pé kọ́kọ́rọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnì.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ kì í pa ẹ́ńjìnì. Iná pọ́lọ́ọ̀gì nìkan ló ń pa. Bẹntiróò kò mọ̀ pé a ti yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí pé kì í ṣe iná ló ń gbé e wọlé. Písítínì tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fà á láti inú kábúrétọ̀, bí ọmọdé ṣe ń fi sítúróò fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Fúláíwíìlì wúwo, ó ṣì ń yí lẹ́yìn tí iná ti kú, bí ó bá sì ti ń yí, fífà ń lọ. Nítorí náà, bí ohunkóhun nínú síléńdà bá gbóná débi tó fi pọ́n bí ẹyín iná, àpòpọ̀ epo àti atẹ́gùn tó wọlé á gbiná láìsí pọ́lọ́ọ̀gì, á ti písítínì, èyí á tún fa òmíràn wọlé. Ohun tó máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ ni èédú tó ti gbá jọ sórí písítínì àti sínú orí síléńdà, imú pọ́lọ́ọ̀gì tó gùn jù, tàbí etí fáàbù tó ti fẹ́lẹ́. Àwọn ọkọ̀ onínọ́sùlù kì í ní àìsàn yìí, nítorí pé iná ló ń ṣí nọ́sùlù wọn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti pa, epo ti tán nìyẹn.

Àwọn tó ṣe Solex 34 PICT-3 mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan sára rẹ̀ láti dí epo. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, irin ni, wáyà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, ara kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́ áàtì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà ní ẹnu rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá tan, iná á fa abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn, ọ̀nà epo sílò (ìyẹn ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù) á ṣí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá pa, sípíríǹgì á ta á padà, á dí ọ̀nà náà. Fáàbù iná nìyí, òun lọ̀rọ̀ wá dá lé nígbẹ̀yìn; ẹ má fi wé fáàbù inú ẹ́ńjìnì.

Mẹkáníìkì tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́bàá òpópónà Sẹ̀mẹ̀, kò kọ́kọ́ mú sípánà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Bàbá, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí kó tó di pé ó ń ṣe báyìí?" Bàbá ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù báyìí, ó ti kú. Wọ́n bá mi ṣe ìyẹn, àmọ́ kò pẹ́ tí èyí fi bẹ̀rẹ̀." Èsì yẹn wúlò ju súwíìsì àti kọ́ílì méjèèjì lọ. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín bí ẹ ti ń ka ìyókù.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá iná pọ́lọ́ọ̀gì ti kú lóòótọ́, torí pé oríṣi méjì ni àìkú ẹ́ńjìnì. Oríṣi kan wà tó jẹ́ ti iná: wáyà kan ń gbé iná padà sí kọ́ílì láti ẹ̀yìn, fún àpẹẹrẹ bí ẹnìkan bá ti fi wáyà lásán rọ́pò gílóòbù iná pupa tó ń fi ipò jẹnẹrétọ̀ hàn. Nínú ìyẹn, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́ dọ́gba bí ẹni pé a kò pa kọ́kọ́rọ́ rárá, ooru tàbí òtútù kò sì kàn án. Oríṣi kejì, ti èédú tó pọ́n, á máa gbọ̀n, á máa kan, kò sì ní ṣe é bí ara ẹ́ńjìnì bá tutù. Etí nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Síbẹ̀, mẹkáníìkì náà fi tẹ́sítà dá a lójú: ẹnu kan sí áàtì, ẹnu kejì sí ojú 15 lára kọ́ílì, ìyẹn ojú tí iná kọ́kọ́rọ́ ń gbà wọlé. Wọ́n wa ọkọ̀ títí ó fi gbóná, wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n lọ, tẹ́sítà sì ṣókùnkùn. Kò sí iná kankan. Ọ̀rọ̀ súwíìsì parí síbẹ̀.

Ó wá yíjú sí kábúrétọ̀. Láti yẹ fáàbù iná náà wò, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ tún fi kàn án. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ "ká" bí ó ti ń kàn. Èyí kò dún. Ó fi tẹ́sítà sẹ́nu wáyà náà, kò sí iná níbẹ̀. Ó tọ wáyà náà dé ojú kọ́ílì, ó sì rí i pé ojú tó so ó mọ́ ibẹ̀ ti dógùn-ún, àwọ̀ ewé ti bo ó, okùn bàbà tó kù nínú rẹ̀ kò ju méjì lọ. Afẹ́fẹ́ òkun àti ti ọ̀sà tó wà ní Àgbádárìgì ń jẹ bàbà báyìí ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ sí ìta níbẹ̀ mọ̀ pé ojú wáyà kì í pẹ́ kó tó dógùn-ún.

Ó tú fáàbù náà pẹ̀lú sípánà, ó wo ẹnu rẹ̀: abẹ́rẹ́ kò sí mọ́. Púláyà ni wọ́n fi gé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí wáyà dógùn-ún, fáàbù kò rí iná mọ́, abẹ́rẹ́ dí ọ̀nà epo sílò pa, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní oríta. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe rò pé fáàbù ló bàjẹ́. Ó gé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí epo lè máa kọjá ní gbogbo ìgbà, sílò sì padà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe èyí, torí pé ó yá, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n fáàbù kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Wáyà ló nílò ìtọ́jú, a wá gé ohun kan ṣoṣo tó ń dí epo nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá pa.

Wáyà kan náà ló tún ń gbé iná lọ sí ṣóòkù (àwo tó ń dín atẹ́gùn kù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù), èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí iná bá ti mú un gbóná. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ooru ẹ́ńjìnì nìkan ló ń rọra ṣí i, kì í sì í ṣí tán. Epo á pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, pọ́lọ́ọ̀gì á dúdú, èédú á máa kó jọ nínú síléńdà. Nígbà tí pọ́lọ́ọ̀gì sì ń dúdú, wọ́n fi èyí tó gbóná jù sí i kó lè máa jó èédú ara rẹ̀ dànù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ọkọ̀ náà jẹ́ NGK (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pọ́lọ́ọ̀gì, bíi Bosch) onínọ́mbà 4, níbi tí B5HS tàbí B6HS ti yẹ. Ẹ kíyè sí i pé nọ́mbà NGK àti ti Bosch kò bára mu: lára NGK, bí nọ́mbà bá ṣe ń kéré ni pọ́lọ́ọ̀gì ń gbóná sí i, lára Bosch, bó ṣe ń pọ̀ ni. W8AC ti Bosch ló dúró fún B5HS. Ẹni tó bá fi èrò ọ̀kan ra òmíràn á ra òdìkejì ohun tó fẹ́.

Nǹkan méjì kù tí wọ́n ti yí kúrò ní ipò rẹ̀. Síkúrù tó ń ti bọ́tafíláì (àwo inú kábúrétọ̀ tí tọ́tù ń ṣí) ṣí ti wọlé tó nǹkan bí ìyípo méjì, dípò ìdámẹ́rin ìyípo kan. Sílò wà ní 1,250 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ó sì yẹ kó wà ní 850. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣí i tó bẹ́ẹ̀? Táímìn, ìyẹn àkókò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ta iná, ti pẹ́. Ojú kọ́ńtáàtì (irin méjì tó ń pàdé tó sì ń yà nínú dísítíríbútọ̀, àpótí tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì) ti sún mọ́ra, ó ku 0.25 mílímítà péré dípò 0.4, torí pé ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì tó ń fara ha káàmù ti jẹ. Bí àyè yẹn bá ṣe ń kéré ni pọ́lọ́ọ̀gì ń pẹ́ kó tó ta iná. Iná tó pẹ́ kì í ti písítínì dáadáa, ooru rẹ̀ á lọ sí orí síléńdà àti sáàlẹ́ńsà, ẹ́ńjìnì á rọ, ẹni tó ń tún un ṣe á sì fi síkúrù bọ́tafíláì gbé e dìde. Báyìí ni bọ́tafíláì ṣe ṣí sílẹ̀, tí atẹ́gùn àti epo sì ń rọ́ wọlé lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ ti pa.

Ó tún wọn kọ́ńpírésọ́n, ìyẹn bí písítínì ṣe ń fún atẹ́gùn mọ́ra tó nínú síléńdà, pẹ̀lú bọ́tafíláì ní ṣíṣí gbayawu àti ẹ́ńjìnì ní gbígbóná: 125, 130, 150 àti 135 psi. Ìwọ̀n tó dára fún ẹ́ńjìnì yìí jẹ́ nǹkan bí 114 sí 142. Síléńdà kẹta tó kọjá ibẹ̀ kì í ṣe ohun ìdùnnú. Èédú ló ti gba àyè nínú rẹ̀, ó sì ń fún àpòpọ̀ epo mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n tú orí síléńdà, kí wọ́n ha èédú. Ó kọ̀, ó sì tọ̀nà. Kí ẹ tó lè tú orí síléńdà Ìjàpá, ẹ ní láti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohun tó ń mú èédú wá ṣì wà níbẹ̀, torí pé láàárín oṣù mélòó kan á tún padà.

Ó wò ó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnì ká, tó ń ya atẹ́gùn tútù tòkè kúrò lára atẹ́gùn gbígbóná tìsàlẹ̀, ti jẹrà tán ní apá òsì. Rọ́bà tó ń dí ihò tí wáyà pọ́lọ́ọ̀gì gbà wọlé kù méjì nínú mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹwà ni nǹkan wọ̀nyí wà fún. Atẹ́gùn nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnì yìí. Bí fáànù bá ń fa ooru tó ti ìsàlẹ̀ wá, tàbí bí atẹ́gùn bá ń gba ihò pọ́lọ́ọ̀gì jáde kó tó dé ara síléńdà, ẹ ti sọ ràdíétọ̀ rẹ̀ nù nìyẹn.

Epo tó wà nínú táǹkì ni ó yẹ̀ wò kẹ́yìn. Bàbá ń ra bẹntiróò nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà mìíràn. Ó kán díẹ̀ sórí ìwé funfun, ó fi síbi tí oòrùn kò sí. Bẹntiróò tó mọ́ á gbẹ láìfi àmì sílẹ̀. Bí kẹrosíìnì bá wà nínú rẹ̀, á fi ojú ọ̀rá sílẹ̀. Ojú ọ̀rá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́. Kẹrosíìnì tètè máa ń gbiná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fún un mọ́ra nínú ooru, ohun tí a kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n fa epo náà jáde.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyí. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ kan ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì dán an wò kí wọ́n tó ṣe òmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ ge wáyà jíjẹrà náà kúrò, wọ́n fa tuntun láti ojú 15 lọ sí fáàbù àti ṣóòkù, wọ́n fi gíríìsì bo ojú rẹ̀. Wọ́n fi fáàbù tuntun tó ní abẹ́rẹ́ sí i. Ó dún "ká". Wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí Àgbárá, wọ́n padà, wọ́n pa á. Ó ṣì gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ níbí pé fáàbù kò wúlò. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀nà sílò nìkan ló ń dí. Bí bọ́tafíláì bá ṣí jù, àwọn ihò mìíràn tí abẹ́rẹ́ kò ṣọ́ ni ẹ́ńjìnì á máa fa epo gbà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe kọ́ńtáàtì àti táímìn. Kọ́ńtáàtì tuntun, àyè rẹ̀ 0.4 mílímítà. Dísítíríbútọ̀ tó wà lára rẹ̀ ní ọ̀pá fákúùmù kan ṣoṣo. Wọ́n yọ ọ̀pá náà, wọ́n dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbé táímìn sí ìwọ̀n 7.5 kí písítínì tó dé òkè pátápátá, pẹ̀lú iná táímìn lójú póólì. Àyè fáàbù inú ẹ́ńjìnì, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, 0.15 mílímítà. Pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin W8AC, àyè ẹnu wọn 0.6. Kí ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó fọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi ọwọ́ wé e wọlé kí sípánà tó dé e, torí pé orí síléńdà yìí kì í ṣe irin líle, eyín ihò rẹ̀ tètè máa ń ya.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kábúrétọ̀ kàn, ìlànà rẹ̀ kò sì gba àbùjá. Ẹ́ńjìnì á gbóná, ṣóòkù á ṣí tán. Ẹ tú síkúrù bọ́tafíláì títí kò fi kan káàmù ṣóòkù mọ́, ẹ wá wé e wọlé títí tó fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ẹ fi ìdámẹ́rin ìyípo kan lé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn síkúrù méjì kù lára kábúrétọ̀ yìí, ńlá kan, kékeré kan. Ẹ rọra wé wọn wọlé títí wọ́n fi jókòó, láìfi agbára ṣe é, kí ẹ wá tú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyípo méjì àbọ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ fi ńlá mú sílò wá sí 850. Ẹ yí kékeré díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì fi sáré jù lọ, kí ẹ wá wé e wọlé títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìyípo 20 sí 30. Ẹ tún fi ńlá dá a padà sí 850. Síkúrù ńlá yìí ni ti sílò. Síkúrù bọ́tafíláì kì í ṣe ti sílò lára 34 PICT-3, bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn kábúrétọ̀ mìíràn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti ń ṣì.

Rọ́bà ẹ́ńjìnì àti ti ihò pọ́lọ́ọ̀gì wọlé tuntun. Bẹ́líìtì fáànù ń rọ́ sínú tó nǹkan bí mílímítà 15 bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò: ẹ́ńjìnì ń sinmi ní 850, ó fa wáyà fáàbù yọ láìpa kọ́kọ́rọ́. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé bọ́tafíláì ti dé ipò rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ fa wáyà yẹn, bọ́tafíláì ṣì ṣí jù tàbí abẹ́rẹ́ kò jókòó. Wọ́n tún wà á lọ sí Àgbárá lọ́sàn-án gangan, wọ́n dé, wọ́n pa kọ́kọ́rọ́. Ó kú. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ sọnù: ẹ má fi èyí wé ẹ́ńjìnì onídísù tó kọ̀ láti kú. Ìyẹn lè máa jó ọ́ìlì ara rẹ̀, tó ń gba ẹnu tọ́bò tó ti jẹ tàbí ríǹgì tó ti rọ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló sì lè máa sáré sí i títí yóò fi fọ́. Atẹ́gùn rẹ̀ ni wọ́n ń dí pa, pẹ̀lú pákó tó tẹ́jú dáadáa, kì í ṣe ọwọ́ tàbí aṣọ, kí ènìyàn sì jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ padà wá fún àyẹ̀wò. Pọ́lọ́ọ̀gì ti ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, síléńdà kẹta sì ti wá sí 138 psi, torí pé èédú tó wà nínú rẹ̀ ti ń jó kúrò bí epo àti táímìn ti dọ́gba. Wọn kò sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Mẹkáníìkì náà tú ojú wáyà tó wà lára kọ́ílì, ó wò ó, kò tíì sí àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Ó tún fi gíríìsì bò ó, ó sì ní kí bàbá máa mú un wá fún àyẹ̀wò ojú yẹn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.